Ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi dá ilé mẹ́jọ dúró ní abúlé wa?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Abúlé kékeré kan nínú National Park ní àríwá England ni èmi àti ọkọ mi ti ń gbé láti ọdún 6 sẹ́yìn. Gbogbo ilé ibẹ̀ kò ju 60 lọ. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mò ń ṣe, àwọn ọmọ wa méjèèjì sì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní abúlé kejì. Ní báyìí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé mẹ́jọ sórí pápá kan ní ìpẹ̀kun abúlé. Aládùúgbò wa kan, ọmọlúwàbí ènìyàn ni, gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i pé a kò fẹ́. Ó ní bí wọ́n bá ti kọ́ mẹ́jọ, 80 ló kàn, ẹwà ibí á sì bàjẹ́. Mi ò purọ́, ìdákẹ́jẹ́ ibí ló mú wa wá. Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù wa ti sọ pé òun fẹ́ ta ilé tí a wà, a ò sì rí òmíràn tí agbára wa ká nítòsí. A ti gba ìwé ìgbélùú, a ò fẹ́ kó lọ. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? Àbí òfin tiẹ̀ gbà kí wọ́n máa kọ́lé sí ibi tí ìjọba ní kí wọ́n dáàbò bò?”

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ó lé ní ọdún 20 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ètò ìlò ilẹ̀ ní England, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní irú abúlé tí ẹ wà yẹn. Mo ti jókòó nínú gbọ̀ngàn abúlé lálẹ́ ọjọ́ tí òtútù ń mú, tí àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ń bú ara wọn nítorí ilé mẹ́fà. Nítorí náà mo mọ̀ pé ìwé tí wọ́n gbé wá bá yín yẹn wúwo ju bébà lọ. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, aládùúgbò yín lè máa wò yín bákan. Bí ẹ bá sì fọwọ́ sí i, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ gbà wọlé ni ẹ ń bá wọn tì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti òfin, torí òun ló rọrùn jù.

Orúkọ yẹn, National Park, máa ń tan àwa tí a wá láti ilé jẹ. Ẹni tó bá mọ Old Oyo National Park á rò pé igbó tí ẹranko ń gbé, tí ènìyàn kàn ń lọ wò, ni. Ti England kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́wàá tó wà níbẹ̀ kún fún oko, abúlé àti ìlú kéékèèké, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn kì í sì í ṣe ti ìjọba rárá. Àwọn àgbẹ̀, àwọn ìdílé onílẹ̀ ńlá, ilé iṣẹ́ omi àti ẹgbẹ́ bíi National Trust ló ni ín. Òfin tó dá wọn sílẹ̀ jáde ní 1949, Peak District sì ni àkọ́kọ́, ní 1951. Ìtumọ̀ ààbò náà ni pé àṣẹ ìkọ́lé ṣòro gbà níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, àti pé ọ̀dọ̀ aláṣẹ ọgbà náà fúnra rẹ̀ ni ẹ ti máa gbà á, kì í ṣe ọ̀dọ̀ káńsù tí ẹ ń san owó orí ilé fún. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré o. Mo ti rí lẹ́tà tó dára gan-an tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí káńsù tí kò ní àṣẹ kankan lórí ọ̀rọ̀ náà, títí ọjọ́ fi kọjá.

Iṣẹ́ méjì ni òfin gbé lé aláṣẹ ọgbà lọ́wọ́: kí ó pa ẹwà ilẹ̀, ẹranko, ewéko àti àṣà ibẹ̀ mọ́, kí ó sì mú kí gbogbo ènìyàn lè gbádùn rẹ̀. Ní 1974 ìgbìmọ̀ kan tí Lord Sandford darí sọ pé bí méjèèjì bá forí gbárí, ìpamọ́ ni kó borí. Òfin àyíká ti 1995 sọ ìyẹn di òfin gidi. Ṣùgbọ́n òfin 1995 kan náà fi nǹkan kan kún un tí àwọn tó ń gbé ìwé kiri kì í sábà kà: bí aláṣẹ bá ṣe ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí, ó gbọ́dọ̀ máa wá ire ọrọ̀ ajé àti ìgbé ayé àwọn ènìyàn tó ń gbé inú ọgbà náà. Ẹ̀yin náà wà lára wọn. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, òfin gbà kí wọ́n kọ́lé níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ìlànà ìjọba ní kí wọ́n máa kọ̀, àyàfi tí ìdí rẹ̀ bá ṣe pàtàkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Ilé mẹ́jọ kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú abúlé ilé 60, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á rí ọ̀nà jiyàn.

Àwọn kan tún máa ń pa èyí pọ̀ mọ́ Green Belt. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ilẹ̀ tí wọ́n fi yí àwọn ìlú ńlá ká kí wọ́n má bàa tàn wọ ara wọn ni Green Belt, kò sí ohun tó sọ pé ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lẹ́wà. Ibi tí ẹ ń gbé, ẹwà rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ “mẹ́jọ lónìí, 80 lọ́la.” Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi, torí pé bí nǹkan ṣe ń lọ gan-an yàtọ̀ pátápátá sí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Nínú lẹ́tà yín, ìpẹ̀kun abúlé ni pápá náà wà, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó wà lẹ́yìn ìlà tí wọ́n fà yí abúlé ká nínú ètò ìlò ilẹ̀. Lẹ́yìn ìlà yẹn, wọn kì í fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ́lé tà. Ilẹ̀ oko ni ilẹ̀ náà á máa jẹ́. Hẹ́kítà ilẹ̀ oko kan ní England lè jẹ́ nǹkan bí £20,000 sí £25,000. Bí àṣẹ ìkọ́lé bá bọ́ sórí hẹ́kítà kan náà, ní agbègbè tí ilé ti wọ́n, iye rẹ̀ lè fò dé ìlọ́po 100. Gbogbo ìjà orí ilẹ̀ ní England, inú àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì yẹn ló ti ń jáde.

Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá láti nǹkan bí 1990 ni pé kí wọ́n yọ pápá kéékèèké sílẹ̀ bí àyàsọ́tọ̀. Wọ́n ní ibí yìí kò yẹ fún ilé, kò sì ní yẹ láéláé, àyàfi bí ilé náà bá jẹ́ ti àwọn tó so mọ́ abúlé yìí tí agbára wọn kò ká owó ilé tó wà lọ́jà, tí yóò sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí lọ. Torí pé onílẹ̀ mọ̀ pé kò sí àṣẹ mìíràn tí òun lè rí gbà, ó máa ń gbà láti ta ilẹ̀ náà ní iye tó fi díẹ̀ ju ti oko lọ. Ilẹ̀ pọ́ọ́kú yẹn ló ń mú kí ẹgbẹ́ tó ń pèsè ilé lè kọ́ ọ kó sì fi háyà ní owó tí olùtọ́jú arúgbó lè san. Ẹ wá wò ó: bí wọ́n bá sún ìlà abúlé síwájú kí 80 lè wọlé, àgbẹ̀ kan kò tún ní ta pápá rẹ̀ ní pọ́ọ́kú mọ́ láé. Ìrètí á ti wọ̀ ọ́ lára. Ààbò líle yẹn ló ń mú kí ilé olówó pọ́ọ́kú ṣeé ṣe, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ilé mẹ́jọ gan-an ló yẹ kó máa ṣọ́ ìlà náà lójú méjèèjì. Nígbà tí òye èyí kọ́kọ́ yé mi, mo ti fi ọdún mẹ́ta kọ irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ láìmọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́.

N kò sọ pé 80 kò ṣẹlẹ̀ rí níbikíbi. Ní abúlé tí kò sí nínú ilẹ̀ tí wọ́n dáàbò bò, ó ń ṣẹlẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fún pápá kan kò sì di dandan fún pápá kejì. Wọ́n á tún gbé ìkejì náà wò lọ́tọ̀. Ẹ kàn béèrè irú àṣẹ tí wọ́n ń tọrọ. Bí ó bá jẹ́ irú àyàsọ́tọ̀ tí mo sọ yìí, ìbẹ̀rù yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé mẹ́jọ fún ọjà lásán, aládùúgbò yín ní ẹjọ́ tó dára lọ́wọ́, èmi fúnra mi ì bá kọ ìwé ìtakò.

Ohun tí mo rò pé àwọn tó ń gbé ìwé kiri kò rí ni pé kíkọ̀ kò dá abúlé dúró bó ṣe wà. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n rán mi sí abúlé kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé mẹ́fà síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́, èmi náà sì kọ ìmọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí i. Orí mi wú. Ọdún 12 lẹ́yìn náà mo tún gba ibẹ̀ kọjá nínú oṣù Kọkànlá, ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ti ṣú. Kò sí bíríkì tuntun kan. Odi òkúta wà bó ṣe wà, àgùntàn wà lórí pápá. Ṣùgbọ́n iná kò tàn nínú ọ̀pọ̀ ilé. Mo wá rí àwọn àpótí kékeré tó ní nọ́ńbà lára ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí fún àlejò tó wá fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi. Mo kà á dé mọ́kànlá kí n tó dé ìdí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìwé ti di ilé ìsinmi. Èmi ni mo kọ ìmọ̀ràn yẹn, mo sì rò nígbà yẹn pé mo gba abúlé là.

Kí ló fà á? Iye ilé kò yí padà, àwọn tó lè rà á ló yí padà. Ibi tó bá lẹ́wà, tí òfin sì ti ṣèlérí pé kò ní bàjẹ́, gbogbo ẹni tó lówó ní ìlú ńlá ló máa fẹ́ ní ilé síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì síbẹ̀ náà á sì tẹ̀ lé wọn. Owó oṣù ibẹ̀ sì wà bíi ti iṣẹ́ oko, ilé oúnjẹ àti ìtọ́jú arúgbó. Fi òfin 1980 kún un, èyí tó fún ayálégbé káńsù láǹfààní láti ra ilé tó ń gbé. Ilé káńsù mẹ́rin tàbí mẹ́fà tó wà ní abúlé ni wọ́n tà, tí wọn kò sì kọ́ òmíràn rọ́pò. Òfin náà tiẹ̀ gbà kí wọ́n so ìdè mọ́ títa irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú National Park, pé ẹni tó ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà fún ọdún mẹ́ta nìkan ni wọ́n lè tún un tà fún. Ọdún mẹ́ta kò sì ṣòro fún ẹni tó lówó.

Ilé kéékèèké náà ń tóbi. Ẹni tó bá ra ilé oníyàrá méjì á fẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, á so ibùso ẹṣin àtijọ́ mọ́ ọn, ó di oníyàrá márùn-ún. Kò sí ẹni tó gbé ìwé kiri nítorí ìyẹn, torí pé láti ojú ọ̀nà, ilé kan náà ni. Mo gbà pé òun ló ba àwọn abúlé wọ̀nyí jẹ́ jù, ó kàn jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni.

Àwa olùṣètò náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun kejì àgbáyé, ìmọ̀ràn tó gbilẹ̀ ni pé kí wọ́n kó ilé, ilé ìwé àti bọ́ọ̀sì jọ sí ìlú ńlá díẹ̀, kí àwọn kéékèèké máa rọ. Ní County Durham ní 1951, ètò ìlò ilẹ̀ pín abúlé sí ìpele mẹ́rin láti A dé D, èyí tó sì lé ní 100 bọ́ sí D: wọn kò ní náwó kankan sí wọn mọ́. Abúlé awakùsà nìyẹn, kì í ṣe ti ẹwà, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló wà nínú gbólóhùn tí èmi fúnra mi kọ láìmọye ìgbà: “abúlé yìí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní bọ́ọ̀sì, nítorí náà ilé kò yẹ níbẹ̀.” Kò ní ṣọ́ọ̀bù torí pé kò sí ènìyàn. Kò gbọdọ̀ ní ènìyàn torí pé kò ní ṣọ́ọ̀bù. Matthew Taylor, tí ìjọba ní kí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní 2008 pé pàkúté ni. Lẹ́yìn tí mo kà á ni mo dẹ́kun kíkọ gbólóhùn yẹn.

Ohun tó ń sọnù kì í ṣe ẹwà. Ní ọ̀pọ̀ abúlé England, àwọn panápaná kì í ṣe òṣìṣẹ́ alákòókò kíkún. Ará abúlé ni wọ́n, tí fóònù á pè wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gbé nítòsí kí wọ́n lè dé ibùdó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó gbé kúrò nítorí owó ilé, ó ti gbé ara rẹ̀ kúrò nínú wọn nìyẹn. Odi òkúta tí gbogbo ènìyàn ń wá ya fọ́tò rẹ̀, ẹnìkan ló ń tún un tò. Àwọn arúgbó tí ẹ ń tọ́jú, bí ẹ bá kó lọ sí ìlú tó jìn ní wákàtí kan, ta ló máa fa aṣọ kúrò lójú fèrèsé wọn láàárọ̀? Mo ti rí i tí wọ́n gbé ìyá arúgbó kan lọ sí ilé ìtọ́jú ní ìlú mìíràn, kì í ṣe pé àìsàn rẹ̀ le, kò sí olùtọ́jú tó ń gbé tòsí ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi tako ilé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. N kò sọ fún un. Ó ti mọ̀.

Mo ti gbè sápá kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kí n padà sí òdì kejì, torí aládùúgbò yín kò ya wèrè. Ilé mẹ́jọ lè ba abúlé jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ìrírí tèmi, ilé gan-an kọ́ ló sábà máa ń bà á jẹ́, ọ̀nà ni. Àwọn ẹlẹ́rọ ojú pópó á ní kí ọ̀nà fẹ̀ tó báyìí, kí ó ní ibi tí ọkọ̀ akólẹ̀ ti lè yí padà, kí etí rẹ̀ jẹ́ kọnkéré, kí òpó iná dúró níbi báyìí. Gbogbo rẹ̀ á wá dà bí etí ìlú ńlá kan tó ṣìnà bọ́ sáàárín pápá. Òkùnkùn alẹ́ pàápàá jẹ́ ohun ìní níbẹ̀: ní 2011 Exmoor di ibi àkọ́kọ́ ní Yúróòpù tí wọ́n kà sí ibi ààbò fún òkùnkùn ojú ọ̀run. Òpó iná mẹ́rin lè ba ìyẹn jẹ́ ju ilé mẹ́jọ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ jà lórí ìyẹn. Kí ilé to ara wọn ní ẹsẹ kan bíi ti àtijọ́, kí ọkọ̀ wà lẹ́yìn, kí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́, kí iná ìta má sí. Ó máa ń ṣeé ṣe bí àwọn ará abúlé bá béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán tán. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó ń gbọ́.

Omi ìdọ̀tí ni ìkejì. Ibi tí wọ́n ti ń sẹ omi ìdọ̀tí abúlé kékeré sábà máa ń jẹ́ ti àwọn ènìyàn díẹ̀, ó sì lè ti kún. Láti 2019, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti oṣù Kẹta 2022, àjọ Natural England ti ń sọ fún àwọn aláṣẹ ní àgbègbè àwọn odò kan pé kí wọ́n má fọwọ́ sí ilé tuntun àyàfi bí wọ́n bá fi hàn pé ìdọ̀tí rẹ̀ kò ní fi kún ohun tó ń pa odò. Bí odò yín bá wà lára wọn, ilé mẹ́jọ náà lè dúró fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni takò ó.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ ilé náà tàn yín pé yóò gba ilé ìwé là. Ilé mẹ́jọ lè mú ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún wá, wọ́n á sì dàgbà. Owó tí ilé ìwé ń gbà tẹ̀ lé iye ọmọ, nítorí náà márùn-ún lè sún ọjọ́ ìtìpa síwájú, kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ ìlérí yẹn lẹ́nu àwọn tó ń kọ́lé ju bí mo ṣe lè kà lọ, mo sì mọ ilé ìwé méjì tó ti tì lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ilé náà. Ní ti àwọn tó ń sọ pé àwọn kò ní lè rí òkè láti ojú fèrèsé mọ́, mo bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òfin England kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó ń wò láti ojú fèrèsé rẹ̀. Kóòtù ti sọ ìyẹn láti 1610.

Kókó tó kù ni ta ni ilé náà máa jẹ́ ti, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yín wà gan-an. Wọ́n á ní ilé náà jẹ́ “affordable”, ìyẹn ni pé agbára ènìyàn ká a. Ọ̀rọ̀ yẹn kò túmọ̀ sí pé owó rẹ̀ kéré. Nínú ìlànà ìjọba, bí wọ́n bá yọ ìdá 20 nínú 100 kúrò lórí owó ọjà, ó ti di affordable nìyẹn. Ká ní ilé kan jẹ́ £400,000 lọ́jà, £320,000 ṣì ni wọ́n máa pè ní affordable, ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó oṣù yín kò lè dé ibẹ̀. Irú tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni ilé tí wọ́n fi háyà ní social rent, èyí tí wọ́n fi owó oṣù agbègbè ṣírò, tó sì máa ń kéré ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ béèrè mélòó nínú mẹ́jọ ló jẹ́ irú rẹ̀. Wọ́n lè fi ilé kan tàbí méjì tí wọ́n máa tà lówó ọjà kún un láti fi owó rẹ̀ kọ́ àwọn yòókù. Ìlànà gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ bí kò bá ti di pé ilé ọjà ni ó pọ̀ jù.

Ìdè tó ń mú kí ilé náà wà fún ará abúlé máa ń wà nínú àdéhùn Section 106, èyí tí aláṣẹ àti onílẹ̀ jọ máa ń ṣe nígbà àṣẹ ìkọ́lé, tó so mọ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, tó sì ń tẹ̀ lé e lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rà á. Líle rẹ̀ yàtọ̀ láti ọgbà dé ọgbà. Ní Peak District, wọ́n máa ń ní kí ènìyàn ti gbé ní agbègbè náà fún ọdún 10 nínú 20 tó kọjá. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, ọdún 6 yín kò tó, ẹ lè jà fún ilé mẹ́jọ kí ẹ má sì wọ ọ̀kankan. Bí ìdè bá sì le jù, báńkì kì í fẹ́ yá ènìyàn lówó lórí ilé náà, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé bí gbèsè bá bàjẹ́ àwọn kò ní rí ẹni tà á fún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àdéhùn fi máa ń wá ará abúlé kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ará abúlé tó yí i ká, lẹ́yìn náà gbogbo ọgbà. Ẹ wo ibẹ̀ nínú ìwé náà dáadáa, torí ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà lè wà lára àwọn tí wọ́n kà sí tiwọn.

Ọ̀nà mìíràn wà, kí wọ́n ní ilé tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ènìyàn ń gbé gan-an, kí ó má jẹ́ ilé ìsinmi. Lynton àti Lynmouth ní Exmoor fi irú rẹ̀ sínú ètò àdúgbò wọn ní 2013, St Ives ní Cornwall sì dìbò fún un ní 2016. Mo fẹ́ràn rẹ̀ níwọ̀nba. Kò mú owó ilé wálẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ yín lè tó, kò sì kan ilé àtijọ́, nítorí náà ẹni tó ń wá ilé ìsinmi kàn máa yíjú sí ilé òkúta àtijọ́ tí ẹ ń wò. Láti oṣù Kẹrin 2025, káńsù lè sọ owó orí ilé kejì di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń san án.

Ṣé kí ẹ fọwọ́ sí i? N kò tíì rí àwòrán náà, n kò mọ pápá náà, bóyá omi ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà òjò ni, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àyàsọ́tọ̀, tí ìdajì ó kéré jù bá jẹ́ social rent, tí ìdè rẹ̀ bá sì jẹ́ títí láé, èmi kò ní fọwọ́ sí ìwé aládùúgbò yín. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣaláìsí, n ó dúró ná. Ẹ lè sọ fún un báyìí pé, “Mo fẹ́ kọ tèmi,” ìyẹn kò sì ní bí i nínú tó bẹ́ẹ̀, torí pé lẹ́tà kan tó ní ìdí máa ń lágbára lọ́dọ̀ aláṣẹ ju orúkọ 200 lábẹ́ gbólóhùn kan lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ni yín, ẹ kọ iye ilé arúgbó tí ẹ ń wọ̀ láàárọ̀, ẹ kọ pé ilé tí ẹ wà fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má kọ nípa iye tí ilé aládùúgbò lè dínkù sí, wọn kì í ka ìyẹn sí.

Ohun kan ṣì wà tí ó ṣe kánjúkánjú ju lẹ́tà lọ. Kí wọ́n tó gbà pé abúlé nílò ilé, parish council, ìyẹn ìgbìmọ̀ kékeré tí abúlé fúnra rẹ̀ yàn, sábà máa ń pín ìwé kiri láti béèrè ta ló nílò rẹ̀. Àwọn tó háyà ilé, pàápàá àwa tí a wá láti òkèèrè, kì í dá a padà, a rò pé ti onílé ni. Ẹ lọ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe é, bí wọ́n bá ti ṣe é tí orúkọ yín kò sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ilé lọ́dọ̀ káńsù, torí láti inú ìwé yẹn ni ẹgbẹ́ tó ń pèsè ilé ti máa ń mú ènìyàn. Ẹni tó wà lórí físà tí kò gba owó ìjọba kò lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti ní ìwé ìgbélùú, ó sí sílẹ̀ fún yín. Ilé mẹ́jọ wọ̀nyí, bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, kò ní dìde ṣáájú ọdún méjì tàbí mẹ́ta, lánlọ́ọ̀dù yín kò sì ní dúró. Nítorí náà ẹ wá ibi tí ẹ máa fi orí pamọ́ sí láàárín ìgbà yẹn, bó bá ṣeé ṣe láìkúrò ní agbègbè náà, kí ọdún 6 yín má bàa tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.